Ẹni Tí A Dí Ọ̀nà Mọ́: Ìtàn Tony Dungy, Ọ̀gá Àwọn Adínà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà; bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó ń náni láti wá ọ̀nà mìíràn nígbà tí wọ́n bá dí èyí tí ènìyàn mọ̀ jù lọ mọ́ ọn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ìtàn Anthony Kevin Dungy, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Tony Dungy. Agbábọ́ọ̀lù ni ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn adínà. Ní ìkẹyìn ó di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ tí ó ń darí gba ife-ẹ̀yẹ Super Bowl. Ìbéèrè tí a ó gbé yẹ̀ wò ni èyí: ṣé sùúrù ọkùnrin yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, àbí ilẹ̀kùn náà ní láti rí ọwọ́ mìíràn tí yóò tì í kí ó tó ṣí?

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú bọ́ọ̀lù tí à ń sọ. Kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá, tí ẹ̀yin olùwòran mọ̀ bí ẹni mowó. Bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà gùn, ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì ṣóńṣó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, abẹ́ apá ni wọ́n ń há a sí tí wọ́n bá ń gbé e sáré. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó ń dúró ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ méjì pàtàkì tí kì í wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀wọ́ akọlù tí ó ń gbé bọ́ọ̀lù síwájú, àti ọ̀wọ́ adínà tí ó ń dá ọ̀tá dúró. Ìgbà mẹ́rin ni a fún àwọn akọlù láti fi rin yáàdì 10. Bí wọn kò bá lè rìn ín, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹni tí ó ń pàṣẹ fún àwọn akọlù ni wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì. Òun ni ó ń wo bí àwọn adínà ti tò, òun náà ni ó sì ń pinnu, ní ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí. Àwọn adínà tí ó wà lẹ́yìn pátápátá ní tiwọn ń ṣọ́ ojú rẹ̀, wọ́n ń wá ọ̀nà láti já bọ́ọ̀lù náà gbà lójú òfuurufú. Ìjà ọpọlọ ni eré yìí kí ó tó di ìjà agbára.

Ìlú Jackson, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni wọ́n ti bí Dungy ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1955. Ilé olùkọ́ ni wọ́n bí i sí: bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyá rẹ̀ sì ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé girama. Ó lọ sí Yunifásítì Minnesota, ó sì jẹ́ kọ́tábáàkì níbẹ̀ láti ọdún 1973 títí dé ọdún 1976. Nígbà tí yóò fi parí, kò sí kọ́tábáàkì kan nínú ìtàn yunifásítì náà tí àpapọ̀ yáàdì tí ó fi jíju bọ́ọ̀lù rìn tó tirẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ inú líìgì ńlá tí wọ́n ń pè ní NFL máa ń jókòó láti yan àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ní yunifásítì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní títẹ̀lé ara wọn. Ní ọdún 1977, ẹgbẹ́ 28 ni ó wà, ìgbà 12 ni wọ́n sì yí ìyàn náà ká. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n yàn lé ní 300. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ Dungy.

Èyí kì í ṣe àṣìṣe ọjọ́ kan. Láti ọdún 1920 tí wọ́n ti dá líìgì náà sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Fritz Pollard, aláwọ̀ dúdú, ti ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ Akron ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1934 títí di 1945, kò sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tí wọ́n jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì náà. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1946, wọn kò ṣí gbogbo yàrá. Wọ́n gbà kí àwọn aláwọ̀ dúdú máa sáré, kí wọ́n máa fi ara gbá ara. Ṣùgbọ́n àwọn ipò tí a gbà pé ó gba ìrònú, pàápàá jù lọ ipò kọ́tábáàkì, ni wọ́n fi pamọ́ fún àwọn aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 1978, ọdún kan péré lẹ́yìn ti Dungy, Warren Moon tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú jíju bọ́ọ̀lù ní láti kọjá sí Kánádà kí ó tó rí ẹgbẹ́ tí yóò jẹ́ kí ó ṣe kọ́tábáàkì. Ó gba ọ̀nà Kánádà títí ó fi padà wọ NFL ní ọdún 1984, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sínú Gbọ̀ngán Àwọn Akọni bọ́ọ̀lù náà ní ọdún 2006. Èyí tó láti fi hàn pé kì í ṣe ìmọ̀ ni ó wọ́n àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí.

Dungy gba ọ̀nà mìíràn. Ẹgbẹ́ Pittsburgh Steelers, lábẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Chuck Noll, gbà á láìjẹ́ pé wọ́n yàn án, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó fi ipò kọ́tábáàkì sílẹ̀, kí ó wá dúró sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn adínà. Ẹni tí ó ti ń ju bọ́ọ̀lù láti kékeré wá di ẹni tí ń ṣọ́ àwọn tí ń jù ú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 1977, ẹgbẹ́ náà ń bá Houston Oilers gbá. Àwọn kọ́tábáàkì méjèèjì tí Pittsburgh ní fara pa. Kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà àfi Dungy, wọ́n sì ní kí ó bọ́ sí i. Ní ọjọ́ kan náà yẹn, ó já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ àwọn ará Houston gẹ́gẹ́ bí adínà, àwọn ará Houston náà sì já bọ́ọ̀lù tirẹ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí kọ́tábáàkì. Pittsburgh pàdánù, 27 sí 10. Àwọn òǹkọ̀wé eré ìdárayá máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn di kàráǹgídá, tí kò sí ẹni tí wọn yóò fi sí i mọ́, nígbà náà ni wọ́n rántí pé aláwọ̀ dúdú yìí mọ iṣẹ́ kọ́tábáàkì.

Ní ọdún 1978, Dungy já bọ́ọ̀lù mẹ́fà gbà, kò sì sí ẹni tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1979, Pittsburgh na Dallas Cowboys ní 35 sí 31, wọ́n sì gba Super Bowl. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò pẹ́ lọ́wọ́ Dungy. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí San Francisco ní ọdún 1979, àti lẹ́yìn náà sí New York Giants. Ní ọdún 1980 àwọn Giants ní kí ó máa lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ó padà sí Yunifásítì Minnesota láti kọ́ àwọn adínà ẹ̀yìn ní ọdún 1980. Ní ọdún 1981 Noll pè é padà sí Pittsburgh gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní ọdún 1984, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó di alákòóso gbogbo àwọn adínà ẹgbẹ́ náà. Ohun tí ó ń kọ́ni kò ní àràmàǹdà nínú. Láti ọ̀dọ̀ Noll ni ó ti kọ́ ọ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ó ní ọgbọ́n àrékérekè púpọ̀ ni ó ń borí, bí kò ṣe ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ohun kékeré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ láìsí àṣìṣe. Kí olúkúlùkù dúró sí ibi tí a fi í sí. Kí ó máa wo ojú kọ́tábáàkì. Kí ó sáré. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù, kí ó gbé e ṣubú. Kì í pariwo, kì í sì í bú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, nínú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ gbà pé ariwo ni ọlá akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Ní àkókò tí à ń wí yìí, kò sí aláwọ̀ dúdú kan tí ó jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní NFL. Láti ìgbà Fritz Pollard ni ipò náà ti ṣófo fún wọn, títí di oṣù kẹwàá ọdún 1989 tí ẹgbẹ́ Raiders fi Art Shell jẹ olórí. Dungy ń dúró. Ní ọdún 1988 Pittsburgh borí nígbà márùn-ún péré, wọ́n sì pàdánù nígbà mọ́kànlá. Wọ́n ní kí ó gba ipò tí ó rẹlẹ̀ sí èyí tí ó wà. Ó kọ̀, ó sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó lọ kọ́ àwọn adínà ẹ̀yìn ní Kansas City láti ọdún 1989 títí di 1991. Ní ọdún 1992, Dennis Green, aláwọ̀ dúdú kejì tí ó di olórí lẹ́yìn Shell, fi í ṣe alákòóso àwọn adínà Minnesota Vikings. Ní ọdún 1993, kò sí ẹgbẹ́ kan nínú líìgì tí àwọn adínà rẹ̀ jẹ́ kí ọ̀tá rin yáàdì tí ó kéré tó ti Minnesota. Síbẹ̀, ọdún 1996 ni ẹnì kan tó fi í ṣe olórí. Ọdún méjìlá ti kọjá láti ìgbà tí ó ti kọ́kọ́ di alákòóso.

Ẹgbẹ́ tí ó gbà á, Tampa Bay Buccaneers, jẹ́ ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Láti ọdún 1982 ni wọn kò ti dé ìpele ìdíje ìkẹyìn. Nínú eré mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí Dungy darí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n borí. Ẹlòmíràn ì bá ti da gbogbo ètò nù. Òun kò yí nǹkan kan padà. Wọ́n borí nínú márùn-ún nínú eré méje tí ó kù, àti ní ọdún 1997 wọ́n borí nígbà 10, wọ́n sì dé ìpele ìkẹyìn.

Ètò ìdínà tí òun àti igbákejì rẹ̀, Monte Kiffin, gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn wá sọ ní Tampa 2. Bí ó ti rí nìyí. Adínà méjì ni ó ń dúró jìnnà sẹ́yìn, olúkúlùkù ń ṣọ́ ìdajì pápá. Àwọn méjì ní etí pápá ń ṣọ́ ohun tí ó bá súnmọ́ iwájú. Mẹ́rin tí ó wà níwájú pátápátá nìkan ni ó ń lé kọ́tábáàkì, láìbéèrè ìrànlọ́wọ́. Ibi tí ewu wà ni àárín, láàárín àwọn méjì tí ó jìnnà. Ibẹ̀ ni adínà àárín gbùngbùn ní láti yí padà sá lọ dí. Gbogbo wọn kọjú sí kọ́tábáàkì, wọn kò fi ẹ̀yìn sí i. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ojú kọ́tábáàkì ni wọ́n fi ṣe ètò náà: àwọn àyè tí kọ́tábáàkì máa ń kọ́kọ́ wá ni ó dí, ó sì fi àyè kéékèèké tí kò lérè sílẹ̀ fún un. Gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́. Ní Pittsburgh, ní àwọn ọdún 1970, ni Dungy ti bá a. Níbẹ̀, Jack Lambert ni ó ń sá lọ dí àárín. Nípa bẹ́ẹ̀, ipò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Dungy àti ipò tí wọ́n fi tì í sí para pọ̀ di ìmọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀.

Mẹ́rin nínú àwọn adínà tí ó lò ní Tampa, Warren Sapp, Derrick Brooks, John Lynch àti Ronde Barber, ni ó ti wọ Gbọ̀ngán Àwọn Akọni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò yẹ kí ó farapamọ́: àwọn akọlù Tampa kò lágbára. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000, nígbà tí ó ku eré kan kí wọ́n dé Super Bowl, St. Louis Rams, tí àwọn akọlù rẹ̀ le jù ní líìgì, rí góńgó 11 péré jẹ. Síbẹ̀ Tampa pàdánù, nítorí 6 ni àwọn tirẹ̀ rí jẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, wọ́n lé Dungy. Jon Gruden ni ó gba ipò rẹ̀. Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, Tampa gba Super Bowl, 48 sí 21, àwọn adínà wọn sì já bọ́ọ̀lù gbà nígbà márùn-ún lọ́jọ́ náà. Kiffin ṣì ni ó ń darí wọn, ètò náà ṣì ni wọ́n ń lò. Ẹni tí ó gbin iṣu kò sí níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Ní oṣù kan náà tí wọ́n lé Dungy, Minnesota ti lé Dennis Green. Lílé àwọn méjèèjì, tí àkọsílẹ̀ wọn dára ju ti ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun tí ó ṣì wà ní ipò, mú kí àwọn agbẹjọ́rò méjì, Cyrus Mehri àti Johnnie Cochran, gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2002. Wọ́n fi ìṣirò hàn pé àwọn olórí tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ń borí jù ní ìpíndọ́gba, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń gbà kẹ́yìn, àwọn náà ni wọ́n sì ń lé kọ́kọ́. Wọ́n halẹ̀ pé àwọn yóò gbé líìgì náà lọ sí ilé ẹjọ́. Èyí ni ó bí òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2003, tí wọ́n fi orúkọ Dan Rooney, olówó ẹgbẹ́ Pittsburgh, sọ: pé ẹgbẹ́ tí ó bá ń wá olórí tuntun gbọ́dọ̀ pe ó kéré tán ẹnì kan tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun láti wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Òfin náà kò sọ pé kí wọ́n gbà á; ó sọ pé kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2003, olórí aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ni ó wà; ní ọdún 2006, wọ́n ti di méje.

Indianapolis Colts ni ó gba Dungy ní ọdún 2002. Níbẹ̀ ó bá Peyton Manning, kọ́tábáàkì tí ó mọṣẹ́ dójú àmì, nítorí náà àwọn akọlù kò fún un ní ìyọnu mọ́. Àwọn adínà ni wọ́n wá ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 2006, nínú ẹgbẹ́ 32, kò sí èyí tí ọ̀tá gbé bọ́ọ̀lù sáré kọjá lára rẹ̀ tó Colts: yáàdì 173 ní eré kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ní kí ó yí ètò padà. Kò yí i. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kí olúkúlùkù padà sí àyè rẹ̀. Nínú eré àkọ́kọ́ ìpele ìkẹyìn, Kansas City kò lè sáré tó yáàdì 50. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, New England ti fi 21 sí 3 ṣáájú wọn. Colts padà wá borí, 38 sí 34.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2007, nínú òjò ní Miami, Colts pàdé Chicago Bears. Lovie Smith, tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Dungy ní Tampa, ni olórí Bears. Kò tíì sí aláwọ̀ dúdú kan tí ó darí ẹgbẹ́ dé Super Bowl rí. Ní ọjọ́ náà, méjì ni ó dé e. Bears gbé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gan-an sá wọlé. Colts borí, 29 sí 17. Dungy di ẹni kẹta tí ó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó fẹ̀yìn tì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sínú Gbọ̀ngán Àwọn Akọni ní ọdún 2016.

Ọ̀rọ̀ kù nílẹ̀. Àwọn kan, tí wọ́n bá gbọ́ ìtàn yìí, máa ń sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pé Dungy kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó sì dé ibi tí ó ń lọ. Wọ́n sọ apá kan òtítọ́. Láìsí sùúrù náà, ètò rẹ̀ ì bá ti bàjẹ́ ní Tampa ní ọdún 1996, àti ní Indianapolis ní ọdún 2006. Ṣùgbọ́n sùúrù tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yàtọ̀ sí sùúrù tí a fi ń fara da ìyà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọgbọ́n; ti èkejì jẹ́ gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ tí a sì ní kí ẹni tí wọ́n jẹ ẹ́ san. A kò sì mọ iye àwọn kọ́tábáàkì dúdú tí wọ́n ní sùúrù bí i ti Dungy, tí wọ́n sì padà sílé ní ọdún 1977 láìsí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ wọn mọ́.

Mike Tomlin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní NFL lábẹ́ Dungy ní Tampa ní ọdún 2001. Ní ọdún 2007, Pittsburgh, ẹgbẹ́ tí ó ní kí Dungy rẹ ipò ara rẹ̀ sílẹ̀, fi Tomlin jẹ olórí. Ní oṣù kejì ọdún 2009, ó gba Super Bowl fún wọn. Ènìyàn lè pe èyí ní òpin tí ó dùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí Brian Flores, akọ́nimọ̀ọ́gbá dúdú mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìdínà, gbé líìgì náà lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀, Tomlin nìkan ni olórí aláwọ̀ dúdú tí ó wà nípò nínú ẹgbẹ́ 32. Méje ti padà di ẹyọ kan. Sùúrù ni iṣẹ́ ẹni tí a dí ọ̀nà mọ́; ṣíṣí ọ̀nà ni iṣẹ́ ẹni tí ó dí i.